Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Mo Pè Wọ́n

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kò fẹ́ràn ẹrù. Nílé wa ní Mòwé, bí ohun kan bá ti lo oṣù mẹ́ta láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, mo ti ń wá ẹni tí màá gbé e fún nìyẹn. Iṣẹ́ mi náà kò ràn mí lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìbàfò ni mo ti ń to káàdì àwọn aláìsàn, ó sì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀ pé ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀, èyí tí kò bá sì ní àyè, kó máa lọ. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ń ba òun láti jókòó pẹ́ sórí àga kan, kí n má baà gbé òun náà jáde.

Bóyá ìyá tó bí mi ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Màámi, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Màmá Ifọ̀, kò lè rìnrìn àjò kí wọ́n má kó ilé dání. Aránṣọ ni wọ́n. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rán aṣọ iléèwé ní Ifọ̀ kí wọ́n tó bí mi, ọmọ tí wọn kò rán yunifọ́ọ̀mù fún ládùúgbò wa nígbà náà kò pọ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, tí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ, bí ọkọ̀ ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹrù kalẹ̀: gaàrí, kẹ́ẹ̀gì epo, ìkòkò mẹ́ta, àti ọlọ tòun ti ọmọ ọlọ. Mo ní, "Màámi, ṣé kò sí ọlọ ní Mòwé ni?" Wọ́n ní, "Ó wà. Ṣé tèmi ni?" Wọ́n sì wọlé lọ wẹ ọmọ. Oṣù kan àbọ̀ ni mo fi ń fẹsẹ̀ kọ ọlọ yẹn nínú ilé ìdáná.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ọkọ mi ti Èkó dé pẹ̀lú lẹ́tà kan lọ́wọ́. Ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ gbóríyìn fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti gba ọkọ̀ ojú omi ńlá kan tó ní yàrá àti ibùsùn. Ọkọ̀ náà yóò gbé àwọn òṣìṣẹ́ àti ẹbí wọn láti Èkó gba orí ọ̀sà lọ sí Badagry, ọjọ́ mẹ́ta ni wọn yóò sì fi lọ fi bọ̀. Èèyàn mẹ́fà ni yàrá kọ̀ọ̀kan gbà. Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà kedere pé ẹni tó bá ní ọmọ kékeré lè mú àgbàlagbà kan dání tí yóò máa bá wọn mójú tó ọmọ. Ọmọ mẹ́ta ni èmi ní: àkọ́bí mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ márùn-ún, àbúrò wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún kan àbọ̀. Àwa márùn-ún. Àyè ẹnì kan kù.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà náà ni òfin ẹrù. Àpò kan péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbé, kò sì gbọdọ̀ tóbi ju àpò iléèwé ọmọdé lọ, torí abẹ́ ibùsùn ni wọn yóò máa tì í sí. Àwọn ìyá yòókù níbi iṣẹ́ ọkọ mi ń ráhùn pé báwo lèèyàn ṣe fẹ́ gbé ọmọ kékeré lọ síbi kan pẹ̀lú irú àpò bẹ́ẹ̀. Èmi ń fò fẹ̀rẹ̀. Mo kọ àkọsílẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: aṣọ mẹ́ta fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bàtà èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wọn nìkan, ohun ìṣeré ẹyọ kan, kò sí ọmọláńgidi tàbí búlọ́ọ̀kù oníke tí ọmọdé fi ń kọ́lé ṣeré. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo àwọn obìnrin orí fóònù tó ń ká aṣọ ọmọ bí ẹní. Mo dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì wa títí aṣọ mẹ́ta fi wọ ibi tí ẹyọ kan ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ọkọ mi bi mí pé, "Àyè tó kù yẹn ńkọ́? Ṣé Màámi?"

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Irọ́ ni. Mo ti rò ó tán kó tó ka lẹ́tà náà délẹ̀. Mo ti rí wọn lọ́kàn mi tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní etí omi lójú ọ̀gá ọkọ mi. Mo ti gbọ́ ohùn wọn tí wọ́n ń kí gbogbo èèyàn lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń bi ìyàwó ọ̀gá léèrè ọmọ ibo ni àti pé ọmọ mélòó ló ti bí. Mo sì tún mọ̀ pé wọn yóò gba ọmọ lọ́wọ́ mi níṣojú gbogbo ayé láti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ìsinmi ni mo fẹ́. Ojú ń tì mí láti kọ eléyìí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: mo ka ìyá mi mọ́ ẹrù.

Màámi kì í gba nǹkan ní ìpè àkọ́kọ́. Bí o bá ní kí wọ́n wá jẹun, wọ́n á ní á gba ibi ire. Bí o bá tún pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni, bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ẹ̀rọ, tí ohunkóhun kò kan ẹnu wọn. Ìgbà kẹta ni wọ́n á ní, "Ó dáa, o ò sáà ní jẹ́ kí n sinmi," wọ́n á sì fa àga. Bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tọ́ wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọmọ tó bá na ọwọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àlejò ní ìpè àkọ́kọ́, olójú kòkòrò ni, ìkó kan sì ń dúró dè é nígbà tí àlejò bá lọ. Wọ́n á ní ìpè àkọ́kọ́, ti ẹnu lásán ni. Ìpè kejì, ojú ń tì ọ́ ni. Ìpè kẹta ló ti inú wá. Ẹni tó bá pe àgbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó dákẹ́, kò pè é rárá, ó kàn fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun pè é ni. Inú ilé yìí ni mo dàgbà sí. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìrìn àjò náà, a lọ kí wọn ní Ifọ̀ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀nà Ọ̀fàdà la gbà, eruku rẹ̀ sì ti kun àwọn ọmọ tán kí a tó débẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni Màámi ń gbé. Mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ ẹ́ máa sùn lórí omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Ṣé ẹ máa rí òkun?"

Mo ní bí a bá dé Badagry, wọ́n ní a máa rí i. Wọ́n mi orí. Màámi kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé wọn, wọn kò sì fojú kan òkun rí, bí Èkó ṣe wà nítòsí wa tó yìí. Bàbá wa ṣèlérí fún wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra pé òun yóò mú wọn dé etí òkun lọ́jọ́ ọdún kan. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, iṣẹ́ kò jẹ́, títí bàbá wa fi lọ. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà nínú ilé. Ẹ̀rín ni wọ́n fi máa ń sọ ọ́.

Wọ́n wá bi mí bí àpò tí wọ́n ní ká gbé yẹn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Mo tọ́ka sí àpò iléèwé àkọ́bí mi. Wọ́n yọ téèpù kúrò lọ́rùn, wọ́n wọn gígùn rẹ̀, wọ́n wọn ìbú rẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí tábìlì. Mo rò pé ọwọ́ aránṣọ ló ń yún wọn.

Nígbà tí gbogbo wa ti jókòó sínú mọ́tò, tí ọkọ mi ti ṣáná sí i, ni mo wá yọ orí lójú fèrèsé. Ẹ wo ibi tí mo ti rántí.

"Màámi, àyè kan kù o. Ṣé ẹ máa bá wa lọ?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Kí ni arúgbó fẹ́ lọ ṣe lórí omi? Ẹ máa lọ jàre, ẹ lọ gbádùn ara yín."

Ọwọ́ wọn wà lórí ilẹ̀kùn mọ́tò nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Wọn kò gbé e kúrò. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò mí, ẹ̀rín náà ṣì wà lójú wọn, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ìpè kejì. Ó wà lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dípò rẹ̀, mo ní, "Ó dáa, Màámi. A máa ya fọ́tò wá fún yín." Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò.

Ọkọ mi wa mọ́tò títí a fi ń sún mọ́ Ọ̀fàdà. Ó wá ní, "O ò tún bi wọ́n." Mo ní, "Ṣé etí ẹ ò sí níbẹ̀ ni? Wọ́n ní àwọn ò lọ." Ó wò mí láti inú díńgí mọ́tò, ó ń bá mọ́tò rẹ̀ lọ. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni, inú mi dùn títí a fi dé ilé.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ kan láti ṣe ní Ìbàfò, ó sì já ọ̀rá kan sílẹ̀ fún mi láti ọwọ́ Màámi. Àwọn àpò ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ìrépé aṣọ iléèwé rán wọn, aláwọ̀ ewé àti búlúù, okùn wà lẹ́nu wọn tí èèyàn lè fà pa, bọ́tìnnì aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ọmọ má baà gbé ti ọmọ. Iṣẹ́ náà mọ́ lára wọn. Àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí bọ́tìnnì pupa kí n tó tú wọn sílẹ̀ tán. A pín in: bàbá mú tirẹ̀, mo mú tèmi, ọmọ mẹ́ta mú mẹ́ta. Ẹyọ kan kù nílẹ̀. Òun ló kéré jù nínú gbogbo wọn, kò tó ti ọmọ ọwọ́ pàápàá, bọ́tìnnì funfun ló sì wà lára rẹ̀. Mo yí i sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì. Mo ní aránṣọ kì í fi aṣọ ṣòfò, ìrépé tó ṣẹ́kù ni wọ́n ṣáà rán pọ̀.

Mo pè wọ́n láti dúpẹ́.

"Ṣé ẹ ti kà á?" ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí. "Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Màámi. Ó tiẹ̀ lé kan."

Mò ń gbọ́ ohùn rédíò lẹ́yìn wọn. "Ó lé kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má ṣèyọnu, ó máa wúlò. Ìlédìí tí ọmọ bá tọ̀ sí ni màá máa kó sínú ẹ̀ títí a ó fi rí ibi dà á sí."

Mo gbọ́ tí wọ́n pa rédíò náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ó dáa náà. Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀." Mo ní àmín. Mo pa fóònù, mo padà sídìí aṣọ tí mò ń ká.

Ní ti ẹrù, mo yege. Ní etí omi lọ́jọ́ tí a lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ń bá àwọn ìyá kan jà lórí kúlà àti àpótí, èmi àti àwọn ọmọ mi sì kọjá lára wọn pẹ̀lú àpò kéékèèké lẹ́yìn bí ọmọ iléèwé tó ń lọ wo ọgbà ẹranko. Ìyàwó ọ̀gá ọkọ mi bi mí bí mo ṣe ṣe é. Mo gbéra ga títí di ìrọ̀lẹ́. Aṣọ tó, bàtà tó, ọmọ kò sọ ohunkóhun nù nítorí kò sí ohun tí wọn yóò sọ nù.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ mi ló mú ìyá rẹ̀ dání. Ìyá náà ti dàgbà ju Màámi lọ. Wọ́n wọ ìró àti bùbá, wọ́n sì gbé ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sínú omi wọ̀ lé e, wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò fẹ́ dìde. Apẹja tí a bá kọjá nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n á kígbe, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò ní bómi lọ o!" Àwọn apẹja náà á gbé àjẹ̀ sókè kí wọn padà. Bí omi bá ta sí wọn lójú, wọ́n á pariwo, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kó tún ta. Ìyàwó ọ̀gá tí mo ń bẹ̀rù pé Màámi yóò dójú tì mí níwájú rẹ̀ ló gbé àga ti ìyá yìí, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àbígbẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ ẹkún. Ó kọ ọmú, ó kọ omi, ó kọ bàbá rẹ̀. Mo gbé e síhìn-ín, mo gbé e sọ́hùn-ún. N kò mú ìró dání tí mo lè fi pọ̀n ọ́n; ìró ńlá ni, ó ń gba àyè, mo ti fagi lé e nínú àkọsílẹ̀ mi. Ìyá yẹn ló dìde. Wọ́n ní, "Mú un wá. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́." Wọ́n tú ìró òkè wọn, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí ọkọ̀, wọ́n ń kùn orin kan lábẹ́ ohùn. Ó sùn kí wọ́n tó rìn ín ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Àkọ́bí mi dúró tì mí, ó ń wò wọ́n.

"Mọ́mì, kí ló dé tí Màmá Ifọ̀ ò bá wa wá?"

"Wọ́n ní àwọn ò wá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bi wọ́n?"

Mo yí ojú sí omi. Ó rò pé n kò gbọ́, ó sì tún un sọ. Ó ní Màmá Ifọ̀ ti sọ fún òun pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi àgbàlagbà. Mo ní kó lọ wo àbúrò rẹ̀. Láti ìgbà náà títí a fi padà sí Èkó, n kò mọ adùn kankan lórí ọkọ̀ yẹn mọ́. A rí òkun ní Badagry. Ó tóbi, ó ń pariwo, àwọn ọmọ sá lọ sínú rẹ̀, wọ́n sá jáde. Gbogbo ohun tí mò ń rò ni pé Màámi ì bá ti bọ́ bàtà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, a gbé fọ́tò lọ sí Ifọ̀. Mo kọ́kọ́ gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹgbẹ́ mi ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe, ọkọ mi ló máa ń pè mí, ó sì máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà, mo jókòó tì í, mo ń bá a ṣa á. Ó béèrè báwo ni ìrìn àjò. Mo ní ó dára. Ó wá dẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ má bínú sí mi o. Àpò kékeré yẹn, èyí tó ní bọ́tìnnì funfun, ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín?"

Ọwọ́ mi dúró nínú ìrẹsì. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí Màámi rán àpò náà tán, wọ́n ká ìró méjì àti bùbá kan, wọ́n fi Bíbélì kékeré wọn àti awò ojú sí i, ó sì wọ inú àpò náà pátápátá. Wọ́n gbé e kọ́ èjìká, wọ́n ń rìn ká pálọ̀ bí ọmọge. Wọ́n ní, "Ìyàwó, wò mí dáadáa. Ṣé ọmọ mi á tún lè sọ pé ẹrù mi pọ̀ báyìí?" Òun ní kí wọ́n pè mí lórí fóònù, kí wọ́n sọ fún mi pé àwọn fẹ́ lọ. Wọ́n ní rárá, àgbà kì í tọrọ ìpè. Wọ́n ní àwọn yóò kó o pọ̀ mọ́ tiwa, bí mo bá ti ka mẹ́fà, màá mọ̀.

Mo sì kà á. Mo ka mẹ́fà, mo sì ní ó lé kan. Àpò náà kò sí mọ́ lásìkò tí mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní etí omi l'Ékòó, nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo ti jù ú sínú ìdọ̀tí pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀, torí n kò fẹ́ gbé ẹrù tó ń rùn padà sí Mòwé.

Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Ẹkún ni mo ń sun, n kò lè to ọ̀rọ̀ mi pọ̀. Wọ́n gbé ojú sókè láti inú aṣọ tí wọ́n ń pa létí. "Kí lo ń bẹ̀bẹ̀ fún? O ní ṣé mo máa lọ, mo ní mi ò lọ. Ìwọ náà gbọ́." Wọn kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye ọ̀pá aṣọ tó kù nílẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, kí n mú fọ́tò wá kí àwọn wò ó.

A wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yin aṣọ àwọn ọmọ, wọ́n béèrè orúkọ ẹyẹ kan tó bà sórí òpó. Nígbà tí a dé ibi fọ́tò tí ọmọ mi wà lẹ́yìn ìyá ẹlòmíràn, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sún un mọ́ ojú. "Ta nìyí?" Mo sọ fún wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó mọ ọmọ pọ̀n," wọ́n sì fi ìka yí i sí òmíràn.

Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo lọ bá wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi àti àwọn nìkan lọ wo òkun. Mo ti gbára dì. Nínú mọ́tò láti Mòwé ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ ìpè kejì àti ìkẹta, bí màá ṣe di ẹsẹ̀ wọn mú, bí màá ṣe ní n kò ní dìde. Mo sọ ìpè àkọ́kọ́.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ wo òkun."

"Ọjọ́ wo?" ni wọ́n ní.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò di aláìwúlò. Mo ní Sátidé. Wọ́n ní ó dáa. A lọ ní Sátidé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jẹ́ kí omi bo ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á san án fún ẹ." Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti dárí jì mí, bóyá wọ́n tilẹ̀ ti dárí jì mí lóòótọ́.

Ó pẹ́ kí n tó rí ohun tó kù. Oúnjẹ ọ̀sán la ń jẹ ní Ifọ̀, gbogbo wa yí tábìlì ká. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí òun fi ẹran kún ti Màámi. Wọ́n fọwọ́ bo àwo, wọ́n ní ó ti tó. Ó ní kí wọ́n ṣàánú òun. Wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ kí n bẹ́ ni?" Ó tún gbé ṣíbí sókè, ó ní òun ò ní jókòó àfi tí wọ́n bá gbà á, Màámi sì gbé ọwọ́ kúrò lórí àwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yìí ò ní jẹ́ kí àwọn sinmi. Mo dìde, mo ní, "Màámi, ṣé kí n bu omi fún yín?"

"Bù ú wá," ni wọ́n ní kíá, wọn kò gbé ojú sókè.

Mo dúró pẹ̀lú kọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Mo wá rántí òkun, mo rántí ìbẹ́pẹ tí mo gé fún wọn, ìrọ̀rí tí mo fún wọn, mọ́tò tí mo ní kí wọ́n wọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà ní ìpè àkọ́kọ́. Wọ́n ṣì ń kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń kọ̀ fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń kọ̀ fún àwọn ọmọ mi pàápàá, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n bẹ àwọn. Èmi nìkan ni wọn kì í kọ̀ fún mọ́, torí wọn kò gbà pé màá pè lẹ́ẹ̀kejì. Mo bu omi náà wá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní o ṣeun.